Ẹsẹ̀ Òsì Béjìdé nínú Eré Alùpùpù Igbó Àìwẹ̀yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ igi yìí, ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe kó yáa wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́rìndé ni mò ń jẹ́. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ṣọdẹ, èmi ń fi táyà ṣe é. Ẹfọ̀n ni mo sọ alùpùpù mi, kò dúdú, kò pupa mọ́, ẹrẹ̀ ti gba àwọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbé mi gun òkè tí ewúrẹ́ ń wò tó ń mi orí, ó ti gbé mi la odò tí ọlọ́kọ̀ ojú omi ń bẹ̀rù. Mo lè tú táyà rẹ̀ kí n lẹ̀ ẹ́ kí n sì dè é padà kí iṣu tó jinná lórí iná. N kò fi ṣe fọ́ńté o; bí mo bá fẹ́ ṣe fọ́ńté, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì wá omi mu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe bí mo ṣe pa ẹran. Èèyàn ni mo dọdẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ má wulẹ̀ yanu, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe ná.

Ní Agbédé-Òkè tiwa, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí àgbàdo kejì sì ti wọlé, gbogbo ọdẹ alálùpùpù àyíká a máa pé jọ sáré. Kì í ṣe eré ojú ọ̀dà. Inú Igbó Àìwẹ̀yìn la ti ń sá a. A ó la odò, a ó la irà, a ó gun òkè olókùúta, a ó gba ẹ̀bá ọ̀gbun kọjá, a ó já ewé igi oṣè kan tó dá dúró ní òdìkejì igbó, a ó sì gba ọ̀nà oko mú ewé náà délé kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ ló jọ ń wọ̀ ọ́, torí bí ẹrẹ̀ bá mú ọ mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ni yóò bá ọ fà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ìrù ẹfọ̀n, gbogbo ọdẹ yóò sì máa yà fún un lọ́nà títí ọdún yóò fi yí po.

Igbó náà ní òfin. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹ̀yìn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń tú dígí kúrò lára alùpùpù lẹ́nu igbó, tí a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n níwájú Olúọdẹ. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ bá ké gbà ọ́, o kò ní yíjú. Ńṣe ni o ó máa fi ẹ̀yìn rìn lọ bá a, tí ọwọ́ rẹ yóò máa wá ọ̀nà bí ọwọ́ afọ́jú. Òfin kejì rèé. Ní gbogbo oríta, àwọn àgbà ọdẹ ti máa ń ri òpó ọparun mọ́lẹ̀ fún wa, wọn a so màrìwò sí i lórí. Ọ̀nà tí màrìwò bá wà ni kí o gbà, èkejì lè gba ẹ̀mí rẹ. Kí a tó gbéra, oníkálukú yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ahọ́n kan ṣéènì alùpùpù rẹ̀, yóò búra pé òun kò ní fọwọ́ kan màrìwò. Irin ni ṣéènì, ẹ sì mọ ẹni tó ni irin.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Làmídì. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìdí ẹmu o. Ọdún tí paramọ́lẹ̀ ṣán mi, Làmídì ló gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ dè mí mọ́ra, ó gba inú òjò sáré dé ilé ìwòsàn, ó sì ń fi orin bú ìran mi lójú ọ̀nà kí inú baà máa bí mi kí n má lọ sùn. Fèrè alùpùpù rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó: mẹ̀ẹ́ẹ̀! Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n nílùú wa.

Léṣìí, èmi ló wà níwájú nínú eré náà, Béjìdé ará Òkè-Ata tẹ̀lé mi, Làmídì sì tẹ̀lé Béjìdé. Mo dé oríta ọ̀gbun, màrìwò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gba ọ̀tún kọjá. N kò tíì lọ jìnnà tí mo fi gbọ́ fèrè ewúrẹ́ lẹ́yìn mi, kò sì dákẹ́: mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Mo fi Ẹfọ̀n sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ̀gún ya ọrùn mi, gbòǹgbò gbé mi ṣubú, mo dìde, n kò yíjú. Béjìdé ti ẹ̀yìn mi yọ lórí alùpùpù rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fìrì, kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé. Ìgbà tí mo rìn kọjá Làmídì tán tí mo fi lè wò ó, ẹnu ọ̀gbun ọwọ́ òsì ló wà, ó di fèrè mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò sì sí mọ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. A wá ẹsẹ̀ náà títí, a ò rí i.

Màrìwò tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀tún ti wà lọ́wọ́ òsì. Ọdẹ ni mí, mo wo ilẹ̀. Ojú bàtà kan ṣoṣo ló wà létí ihò tí wọ́n ti tu òpó náà, bàtà ẹsẹ̀ òsì, ìṣó kan sì ti bọ́ kúrò ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tẹlẹ̀ rárá. Ẹni náà kò sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì ta òpó tu, ó sì tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà kejì. Mo mọ bàtà tí ìṣó bọ́ ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúọdẹ pe Béjìdé, gbangba ló bẹ̀rẹ̀, ó lá ṣéènì, ó ní, “Bí ọwọ́ mi bá kan màrìwò, kí irin jẹ mí.” A retí retí, irin kò jẹ ẹ́. Olúọdẹ ní kí n jọ̀ọ́, ojú ẹsẹ̀ kì í jẹ́rìí. Béjìdé gbé ìrù ẹfọ̀n lọ sílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jẹun, Béjìdé ni mò ń jẹ lẹ́nu. Bí mo bá yìnbọn, òun ni mò ń rí níwájú ìbọn. Mo búra pé inú ọ̀gbun kan náà ni yóò ti san án.

Bí eré ọdún yìí ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ kí Làmídì. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń tún tàkúté òkété ṣe, iṣẹ́ tó kù fún un nìyẹn. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ àga, ó kùn wọ́n, wọ́n ń dán. Ó ti lo ti òsì gbó. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

“Kí lo ń fi wọ́n ṣe?” ni mo bi í.

“Bàtà gidi ni. Ṣé kí n sọ bàtà gidi nù ni?”

“Làmídì, màá mú ẹ̀san bọ̀ fún ọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Níbo ni kí n gbé e sí? Yàrá mi kéré. Ọdẹ́rìndé, bá mi sá eré náà. Má bá mi ja ìjà náà.” Ó na ọwọ́ sí òkìtì irin tó jẹ́ alùpùpù rẹ̀ tẹ́lẹ̀. “Tú fèrè mi lọ, kó bá ọ lọ síbẹ̀. Bóyá yóò mú orí rẹ wálé.”

Mo tú fèrè náà, mo dè é mọ́ ọwọ́ Ẹfọ̀n. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, èmi àti Àṣàmú la jọ wọ̀ ọ́. Ẹ mọ Àṣàmú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Alùpùpù rẹ̀ ní okùn ju irin lọ, ó ní bí ó bá bàjẹ́ nínú igbó, òun ó fi okùn náà so ẹran wálé. A kó dígí sínú agbọ̀n. A lá ṣéènì; adùn gírísì kò yàtọ̀ sí ti èṣí. Béjìdé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ìrù ẹfọ̀n kọ́ ọrùn, ó fi aṣọ wé ọwọ́ alùpùpù rẹ̀, ó ní ooru ló mú òun lọ́wọ́.

“Ọdẹ́rìndé, ẹlẹ́sẹ̀ kan yín ńkọ́? Ẹ ò gbé e wá kó wá wòran?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ti dé orí àdá kí Àṣàmú tó dì í mú. “Má bà á jẹ́ níbí,” ló wí sí mi létí. “Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.” Mo ní, “Béjìdé ni kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìpẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yìnbọn sókè, a sì fi igbó ṣe ilé.

N kò ní sọ bí a ṣe ti alùpùpù, tí a gbé e, tí òun náà gbé wa. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a dé etí odò, a bá ẹ̀dá kan tó jókòó sórí òkúta, ó kẹ́yìn sí wa, síbẹ̀ ó ń wò wá. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Ibi tó yẹ kí ojú wà, irun ni. Ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn fi áṣáà sí imú, ó sì ń sín síwájú, ìyẹn ni pé ó ń sín sẹ́yìn. Àṣàmú ní, “Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Tàbí kí n sọ pé ẹ kú ìdúró?”

“Èmi nìkan ni òfin igbó yìí kò mú,” ni ẹ̀dá náà wí. “Mo ń lọ síwájú, mo ń wo ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ rí ni mo ń rí. Ẹ fún mi ní áṣáà, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti kú.”

Mo fún un ní áṣáà mi, ti ata àti káún ni, ó sín títí ẹyẹ fi fò lórí igi. Ó nu ojú ìpàkọ́ rẹ̀. “O fún mi ní gidi, èmi náà ó fún ọ ní gidi. Ọkùnrin tó fi aṣọ wé ọwọ́ alùpùpù, tó ṣáájú yín, ohun kan ń dán lábẹ́ aṣọ náà. Ó ṣá mi lójú. Dígí ni. Léṣìí náà ó ní i. Ó ń wo ẹ̀yìn láì yí ọrùn, ó sì rò pé igbó kò mọ̀.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ là mí lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí yẹn ló fi rí Làmídì lẹ́yìn rẹ̀ léṣìí, òun ló fi mọ ìgbà tó yẹ kó ta òpó náà.  Mo tẹ Ẹfọ̀n wọ odò, omi gba sáìlẹ́ńsà, ó wúkọ́, ó bọ́ síbẹ̀, ó jáde. Àṣàmú tẹ̀ lé mi, ó ń pariwo pé bí mo bá kú, òun kò ní gbé òkú mi, Ẹfọ̀n lòun ó gbé.

Lókè odò la gbọ́ ohun kan tó ń fò gbì, gbì, gbì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú ewé. Bí a bá sáré, yóò sáré. Bí a bá fà sẹ́yìn, yóò fà sẹ́yìn. Kí n tó mọ̀, ó ti fò dúró níwájú wa. Ó ga bí àká, ojú rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì dúró lé. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ èèyàn ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún, àpá kan wà lójúgun rẹ̀ tó tẹ̀ bí àgbọ́n ìsàlẹ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí Làmídì gba àpá yẹn. Àwa méjèèjì ni a jọ ń jí èso mángò.

Mo gbé ìbọn. Ẹ̀dá náà ní, “Yìn ín, kó o fọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Agbẹsẹ̀ ni mí. N kò jí i o. Àṣẹ tí igbó fi lé mi lọ́wọ́ ni pé ẹni tó bá wẹ̀yìn létí ọ̀gbun mi, mo ní ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ já sí ọ̀nà òsì, ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ó yíjú wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n dá tèmi sílẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín. Béjìdé dúró rẹ́rìn-ín!  Mo ní, “Ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé o ò fẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀?”

Agbẹsẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó lá ètè. “Ó rẹ̀ mí láti máa fò. Ẹsẹ̀ òsì ni mo nílò. Àmọ́ kì í yí ọrùn, dígí ló ń wò, n kò sì mọ àkókò tó ń wò ó. N kò lè gbé ọwọ́ lé e lásán. Jẹ́ kí n fi àlọ́ méjì dán ọ wò ná, n kì í bá òmùgọ̀ ná ọjà. Kí ló ń tẹ̀lé ọ láti òwúrọ̀ tí o kò gbọdọ̀ yà kí?”

“Eruku ẹ̀yìn táyà mi.”

“O gbà á. Kí ló wúwo jù lórí alùpùpù rẹ, tí kì í mu epo, tí kì í jẹun, tó jẹ́ pé bí o bá sọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé e?”

Mo ní ìbọn. Ó ní rárá. Mo ní òkúta inú àpò irinṣẹ́ mi. Ó ní rárá. Àṣàmú tú itọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Inú bíbí rẹ̀ ni. Jẹ́ ká máa lọ, Ọdẹ́rìndé. Oòrùn ń lọ.”

“Ọ̀rẹ́ rẹ gbà á, ìwọ kò gbà á,” ni Agbẹsẹ̀ wí. “Nítorí náà ìwọ ni yóò sanwó. Fún mi ní bíréèkì rẹ. Ẹni tó ń lọ gbẹ̀san, kí ló fẹ́ fi bíréèkì ṣe? Ọkùnrin náà ti rì sínú irà ìsàlẹ̀, yóò pẹ́ kó tó jáde. Létí ọ̀gbun lo ó ti bá a. Mú kó wẹ̀yìn. Bí ó bá wẹ̀yìn, mo gba ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Bí kò bá wẹ̀yìn, tìẹ ni n ó gbà.”

Àṣàmú dì mí ní ẹ̀wù. “Ẹgbẹ́ ẹ lèmi, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ. Làmídì ò rán ẹ ní èyí.” Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo fi súpánà tú okùn bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn, mo jù ú sí Agbẹsẹ̀. Ó gbé e mì bí ẹni ń gbé ìfun adìyẹ mì. Ó fò lọ, gbì, gbì, gbì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gun alùpùpù, ẹ fetí sílẹ̀: ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè olókùúta láìní bíréèkì. Jíà ni mo fi ń dá Ẹfọ̀n dúró, àti bàtà mi, títí ìsàlẹ̀ bàtà fi ń rùn bí ìwo tí a fi sí iná. Nígbà tí mo yọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí ọ̀gbun, mo rí i. Béjìdé ti gba oríta kọjá, ó wà lójú ọ̀nà tóóró ẹ̀bá ọ̀gbun, ẹrẹ̀ ti bò ó dé àyà, ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ ọwọ́ alùpùpù, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí i. Ẹ̀rù ẹnikẹ́ni kò bà á, kí ni yóò fi wẹ̀yìn? Ẹfọ̀n ń yí gìrìgìrì bọ̀, mi ò lè dá a dúró. Bí n bá kọlù ú, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sísàlẹ̀. Mo na ọwọ́, mo tẹ fèrè Làmídì.

Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Ejìká Béjìdé sọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó já aṣọ náà kúrò, dígí tàn yanran, ojú rẹ̀ sì há sínú rẹ̀. N kò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi kọ́ ló pè. Ó ké, “Làmídì!” Ọwọ́ dúdú kan ti inú ọ̀gbun jáde bí ẹni ń já ilá, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì mú. Alùpùpù rẹ̀ ṣubú dí ọ̀nà. Mo rí gbòǹgbò kan tó ga sókè, mo darí Ẹfọ̀n sí i, mo fún un ní gbogbo epo tó wà nínú rẹ̀. A fò. Táyà ẹ̀yìn mi gba orí irin ọwọ́ alùpùpù Béjìdé kọjá, dígí fọ́ wẹ́wẹ́. A balẹ̀ ní òdìkejì, ara mi pé, ètè mi ya.

Ọ̀nà gòkè níbẹ̀, Ẹfọ̀n sì dúró fúnra rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo kẹ́yìn sí ọ̀gbun. Béjìdé ń ké, kì í ṣe igbe akọni: “Ọdẹ́rìndé, ẹ̀gbọ́n mi, gbà mí! Mo ń kú lọ!” Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Àpá ẹ̀gún rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹsẹ̀ mi kò gbé, n kò sì bẹ̀ ẹ́ kó gbé. Mo dúró, mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, igbe náà dùn létí mi ju orin lọ. Odindi ọdún ni mo fi retí rẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Kì í ṣe gbì, gbì mọ́. Gbì-gbà, gbì-gbà ni, bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn. Ó dúró sún mọ́ mi débi pé èémí rẹ̀ ń rọ́ sí mi lọ́rùn.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ni Agbẹsẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, “wọ́n bá ara wọn mu! Wò wọ́n. Ọ̀tún ti ọ̀rẹ́ rẹ, òsì ti ọ̀tá rẹ. Ìwọ lo ṣiṣẹ́ náà, ìwọ kò ní rí i? Ojú ọkùnrin náà sì rèé nílẹ̀, bí o ṣe fẹ́ kó rí gan-an ló rí. Wo ẹ̀ẹ̀kan péré.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ebi ti pa mí rí nínú igbó, òùngbẹ ti gbẹ mí títí mo fi lá ìrì ara ewé, kò sí èyí tó tó ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà. Láti rí i! Kí n rí ojú Béjìdé lẹ́ẹ̀kan! Ọrùn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ń dún. Mo mọ̀ pé létí ọ̀gbun ni mo ṣì wà, mo sì mọ ohun tó ń wá. Ìdajì ara mi ní kí n fún un. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara mi mú bí ẹni gbé ìkòkò.

“Ròyìn rẹ̀ fún mi,” ni mo wí.

“Ìròyìn kì í tó àfojúbà.”

“Nígbà náà, máa gbádùn wọn.” Mo ti Ẹfọ̀n gun òkè, tèmi tẹkún. Ẹkún ìbínú ni o. Ohun tí mo fi bíréèkì mi rà, tí mo fi ọdún kan rà, ó wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, n kò sì rí i. Àṣàmú ló rí i. Òun ló ti ẹ̀yìn dé, òun ló bá Béjìdé níwájú rẹ̀, tó tú okùn ara alùpùpù rẹ̀ fi di itan rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán, tó gbé e sẹ́yìn. Okùn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mú ewé oṣè délé. Kò sí ẹni tó hó fún mi, nítorí pé Àṣàmú gba ọ̀nà oko yọ lẹ́yìn mi pẹ̀lú Béjìdé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ Béjìdé sí iwájú Olúọdẹ. Kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé ṣéènì wá, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní, “Ọwọ́ mi kò kan màrìwò. Ẹsẹ̀ òsì mi ló kàn án. Ìyẹn náà ti lọ.” Olúọdẹ tú ìrù ẹfọ̀n kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó nà án sí mi. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo gbà á. Kí ni kí n ṣe? Mo gbà á.

Mo gbé e lọ bá Làmídì. Mo ní ẹ̀san ti dé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kí n dá fèrè òun padà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ojú egbò Béjìdé ti san, mo gbọ́ pé ó fi igi rìn wá láti Òkè-Ata, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé Làmídì nínú eruku títí oòrùn fi kan orí. Wọ́n ní Làmídì wò ó, ó wò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ àga, ó fa ọ̀kan yọ nínú bàtà ọ̀tún tó kùn yẹn, ó jù ú sí i. Ó ní, “Wọ̀ ọ́ wò. Bí ó bá há, má fi agbára ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bàtà gidi ni.”

Kò há. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló ń lọ ra bàtà kan ṣoṣo lọ́jà. Làmídì a mú òsì, Béjìdé a mú ọ̀tún, wọn a sì máa bá ara wọn jà lórí èyí tó máa tètè gbó. Ẹnu ọ̀nà Làmídì ni wọ́n ń jókòó sí tún tàkúté ṣe. Àṣàmú wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rín wọn a máa dé ìta ọba. Ní ti eré, kò sí ẹni tó fẹ́ sá a mọ́. Agbẹsẹ̀ ti lẹ́sẹ̀ méjì, kò sí alùpùpù tó lè ṣáájú rẹ̀ nínú igbó yẹn.

Bí mo bá ń kọjá, Làmídì a pè mí: “Ọdẹ́rìndé! Yà wá jókòó!” Màá ní mò ń bọ̀. N kì í yà. Ṣùgbọ́n nínú ìlú, kò sí èèwọ̀, mo ti dá dígí Ẹfọ̀n padà sáyè rẹ̀, mo sì máa ń rọra wakọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n nínú rẹ̀, ọkùnrin méjì, bàtà méjì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí n ó fi yà níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́. Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo lè gbé ìbínú náà sí, kó sọ ọ́, nítorí oúnjẹ ti jinná lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ mi sì ti tán.